Isaac Fadoyebo, Ọmọ Ogun Tó Kọ Ìtàn Ara Rẹ̀

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì, ìwé tó wà lọ́wọ́ wa máa ń mú wa dé Paris, dé Moscow, dé Hiroshima. Àwọn ọmọ Áfíríkà kì í gbà ju ìpínrọ̀ kan lọ níbẹ̀, àwòrán kan á sì tẹ̀ lé e: àwọn ọkùnrin tó dé fìlà pupa, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí a kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Lọ́dún tó kọjá, ní Onígbólò níbí, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì na ọwọ́ sókè. Ó ní: «Ọ̀gá, nínú gbogbo àwọn tó lọ yìí, ṣé ẹnì kan wà tó ń sọ èdè wa? Kí ni orúkọ rẹ̀?»

Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa lọ. Ọ̀kan nínú wọn gbé inú agboolé wa títí mo fi dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun mìíràn ni tirẹ̀. N óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo lè sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí mo lè sọ pé ọjọ́ báyìí ló gbọgbẹ́, ibi báyìí ni, ẹni báyìí ló gbà á là, n kò ní orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Orúkọ tí mo mú padà wá fún un ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní Nàìjíríà.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi ré kọjá ààlà kí n tó rí orúkọ kan.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún ọdún 1889, àwọn Fàráńsé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan, wọ́n sì fa ìlà kan gba àárín àwọn ìlú wa kọjá. Bí ọdún ti ń lọ, Kétu, ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, Pobè àti Sakété bọ́ sọ́wọ́ Fàráńsé. Ìmẹ̀kọ, Ìlárá àti àwọn ìlú Ẹ̀gbádò bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan di ẹni tó ń kíni ní «bọ́ńjúù», èkejì di ẹni tó ń kíni ní «gúdù mọ́níìn». Nígbà tí ogun àwọn òyìnbó dé, ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó wọn sí. Tiwa ni wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais, bí ẹni pé Senegal ni a ti bí ọmọ Pobè. Àwọn ti òdì-kejì wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì kó jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gáḿbíà.

Ní ìhà tiwa, orí tó ṣáájú nínú ìtàn ogun yìí kì í ṣe ìtàn ìjà rárá. Ìtàn sísá ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí àwọn aláṣẹ Fàráńsé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin, àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ jálẹ̀, ọ̀tẹ̀ sì bẹ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ dúdú wọn, tí kì í gba ẹsẹ̀ àlejò nígbà òjò, ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí àti ní Kétu di ẹrù wọn, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wọn lọ ní òdì-kejì ààlà. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tí í ṣe ọmọ Ìmẹ̀kọ, tẹ ìwé kan jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó láti 1889 sí 1945. Ó là á yé wa pé sísá yẹn kì í ṣe ti ojo. Ọ̀nà tí àwọn tí kò ní ìbọn fi ń sọ pé àwọn kọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kíkó kò dáwọ́ dúró. Láti 1919, Fàráńsé sọ ọ́ di òfin ọdọọdún, ogun ì báà wà, ogun ì báà má sí.

Àwọn tí wọ́n kó lọ báyìí kò fi ìwé sílẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tirailleurs tó ja Ogun Àgbáyé Kìíní, Bakary Diallo ti Senegal ni gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó kọ ìtàn ara rẹ̀, Force-Bonté, tó jáde ní 1926. Ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, àwọn ọ̀gá òyìnbó ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé ogun Bọ́mà. Ìdí nìyí tí ìwé Fadoyebo fi ṣe iyebíye lójú mi: ọmọ ogun lásán ni, ọmọ àgbẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì jókòó kọ ọ́.

A bí i ní 1925. Ní 1942, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Kò sí ẹni tó fi okùn fà á lọ, kò sì béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ tó ti ka ìwé díẹ̀, tó ń wo oko bàbá rẹ̀ tó sì ń rò pé ayé gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ibẹ̀ lọ, ni kí ẹ fojú inú wò. Gbogbo wa tí a ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama la mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, Èkó ni ó ń lọ, tàbí Lìbíyà.

Wọn kò sọ ọ́ di ayìnbọn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì fi í sí ilé ìtọ́jú alágbèéká tó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun lọ sójú ìjà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ wọ Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Àmì tí ẹgbẹ́ náà lẹ̀ mọ́ aṣọ ni aláǹtakùn, nítorí Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast. Ká ní wọ́n bi àwọn Yorùbá tó wà láàrin wọn ni, ìjàpá ni à bá yàn, ṣùgbọ́n bóyá ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìjàpá kì í yára.

Àwọn Japan ti gba Bọ́mà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1942. Nǹkan bí 90,000 ọmọ ogun láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ìhà ibẹ̀ kí ogun tó parí. Iye yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Àfonífojì odò Kaladan, ní ẹkùn Arakan, ni wọ́n rán Ẹgbẹ́ Kọkànlélọ́gọ́rin lọ. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Òkè gíga ni, igbó ọparun ni, odò ni. Àwọn ọmọ ogun náà fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà tó tó nǹkan bí 120 kìlómítà gba orí àwọn òkè náà kọjá, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Ọ̀nà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Níbi tí ọkọ̀ kò bá lè dé, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń rù ú nílé. Láti ojú ọ̀run ni oúnjẹ ti ń wá: ọkọ̀ òfurufú á jù ú sílẹ̀, aṣọ ńlá tó so mọ́ ọn á ṣí bí agboòrùn, á sì rọra balẹ̀. Bí kùrukùru bá bo òkè, ebi nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Ẹrẹ́nà 1944, ẹgbẹ́ ìtọ́jú tí Fadoyebo wà nínú rẹ̀ wà létí odò Kaladan. Orí ọparun tí wọ́n so pọ̀ bí ọkọ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ lójú omi. Àwọn Japan ti lúgọ dè wọ́n. Ìbọn dún láti inú igbó, kí ẹnikẹ́ni sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú. Ọta ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ Fadoyebo, ọta mìíràn sì bà á ní ikùn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Kò lè dìde, kò lè rìn, àwọn tó kù sì ti túká. Ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ṣì mí ni David Kagbo, sájẹ́ǹtì ọmọ Sierra Leone, tí òun náà gbọgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Àwọn Áfíríkà méjì ni wọ́n, ọ̀kan ń sọ Yorùbá, èkejì kò gbọ́ Yorùbá, èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ti àwọn tó kó wọn wá ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí kì í ṣe ti àwọn tó kó wọn wá, kì í sì í ṣe ti àwọn tó yìnbọn fún wọn. Ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ kan ni, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí wọ́n jagun nínú oko ìrẹsì wọn. Bó bá ṣe pé ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà sọ fún àwọn Japan pé àwọn aláwọ̀ dúdú méjì wà nínú igbó, ó ṣeé ṣe kí ó rí ẹ̀bùn gbà. Bó bá sì fi wọ́n pa mọ́ tí àṣírí tú, ikú ni, àti tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ló rí wọn. Wọ́n ń gbé omi àti oúnjẹ wá fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Shuyiman, ló wá gbé wọn wọ inú ilé rẹ̀, ó sì fi wọ́n pa mọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di oṣù Ọ̀pẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án gbáko, ni àwọn méjèèjì fi wà láàyè lẹ́yìn ojú ìjà àwọn Japan. Ìgbà òjò wọ̀, ìgbà òjò kọjá. Ilé tálákà ni ilé náà. Ìrẹsì tí wọ́n bù fún àwọn àlejò yẹn, láti inú àwo àwọn ọmọ ilé ni wọ́n ti ń bù ú.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìtàn ogun, n kò sì rí èyí tó yà mí lẹ́nu tó báyìí. Kì í ṣe ìgboyà ojú ogun. Ẹni tó wà lójú ogun kò fi bẹ́ẹ̀ ní yíyàn. Bí kò bá yìnbọn, a ó yìn ín fún un. Shuyiman ní yíyàn lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́sàn-án, lórí àwọn èèyàn tí kò bá a tan, tí kò gbọ́ èdè wọn, tí kò sì mọ ìlú tí wọ́n ti wá. Fadoyebo fúnra rẹ̀ kò pe ara rẹ̀ ní akọni. Àkọlé tó fún ìwé rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni A Stroke of Unbelievable Luck, èyí tí mo lè túmọ̀ sí oríire tó ṣòro láti gbà gbọ́. Àwọn àgbà tiwa ì bá sọ pé orí rẹ̀ ló jà fún un. Èmi rò pé orí nìkan kọ́, Shuyiman ni.

Nínú oṣù Ọ̀pẹ̀ 1944, àwọn ọmọ ogun tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà padà dé àfonífojì náà, wọ́n sì gbé Fadoyebo àti Kagbo lọ sí ilé ìwòsàn. Shuyiman dúró sí abúlé rẹ̀. Kò sí àdírẹ́sì tí a lè kọ lẹ́tà sí.

Bí mo bá ń kọ́ni ní ìtàn yìí, oṣù Ọ̀pẹ̀ 1944 yẹn ni mo fi máa ń dá wa padà sí ìhà tiwa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù náà gan-an, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, àwọn tirailleurs tí Jámánì ti mú lẹ́rú láti 1940 ń béèrè owó iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó tú ká lọ sí ìlú wọn. Gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Fàráńsé ń ṣàkóso ni wọ́n ti wá, Dahomey náà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Fàráńsé dojú ìbọn kọ wọ́n. Ìjọba kọ́kọ́ ní àwọn márùndínlógójì ló kú. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ wọ́n mẹ́nu ba àádọ́rin. Àwọn òpìtàn gbà pé wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2024 ni Ààrẹ ilẹ̀ Fàráńsé tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí Ààrẹ Senegal pé ìpakúpa ni ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nínú oṣù kan náà, àgbẹ̀ tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan ń tọ́jú ọmọ ogun adúláwọ̀ nínú ilé rẹ̀, ìjọba tó jẹ wọ́n ní gbèsè owó oṣù sì ń yìnbọn fún wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń dákẹ́ tí a bá dé ibẹ̀, èmi náà kì í fi ọ̀rọ̀ kún un.

Fadoyebo padà sí Èmùrè-Ilé ní 1945. Ó tiro wọlé, ó sì ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ wu àwọn tó ń kọ ìtàn ogun, ṣùgbọ́n ó wù mí, nítorí òun ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ló fi ṣe sójà. Ó fi ọdún tó lé ní ọgọ́ta ṣe ọkọ, bàbá, òṣìṣẹ́ àti bàbá àgbà. Ó gba iṣẹ́ ìjọba ní ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ó gbéyàwó, ó bímọ, ó rán wọn ní ilé-ìwé, ó rọ́mọ ọmọ. Ó rí òmìnira Nàìjíríà ní 1960, ó rí ogun abẹ́lé tí àwọn tó dàbí ọmọ rẹ̀ jà láti 1967 sí 1970. Lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì ni ìwé rẹ̀ jáde: ilé ẹ̀kọ́ gíga Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ ní 1999, ọdún márùndínlọ́gọ́ta lẹ́yìn àárọ̀ ọjọ́ Kaladan.

Òpìtàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pẹ̀lú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, ní ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti funfun, lè gbé ọjọ́ kan sórí òmíràn. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń bi wọ́n pé: àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀gá òyìnbó ńkọ́, ṣé ọwọ́ áńgẹ́lì ló kọ ọ́? Àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀gá lè sọ fún wa iye àwọn tó kú létí odò náà. Adùn ìrẹsì Shuyiman, ẹni tó jẹ ẹ́ nìkan ló lè kọ ọ́.

Gbèsè kan ṣì wà lọ́rùn bàbá náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ní 2011, Barnaby Phillips, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá Al Jazeera ṣiṣẹ́, tó ti ka ìwé rẹ̀, wá bá a. Bàbá ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ kan sí Shuyiman àti ìdílé rẹ̀, ó fi lé akọ̀ròyìn náà lọ́wọ́. Phillips gbé e dé Arakan, ó wá abúlé náà kàn, ó sì rí ìdílé náà. Shuyiman ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ ìtàn náà. Nínú ilé wọn pẹ̀lú, wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ìran dé ìran, ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú méjì tí bàbá wọn fi pa mọ́ nígbà ogun. A ka lẹ́tà náà sí wọn létí. Phillips ṣe fíìmù lórí ìrìn-àjò yẹn, ó sì kọ ìwé kan, Another Man's War, tó jáde ní 2014. Ogun ẹlòmíràn ni ìtumọ̀ àkọlé náà, kò sì sí ọmọ Ọ̀họ̀rí tí kò ní lóye rẹ̀.

Ẹ̀ka kan wà nínú ìtàn yìí tí n kò lè fò kọjá. Àwọn Mùsùlùmí Arakan, tí Shuyiman jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni ayé mọ̀ sí Rohingya lónìí. Òfin ọmọ-onílùú tí Bọ́mà ṣe ní 1982 sọ wọ́n di àlejò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Ní oṣù Òkúdu 2012, ọdún kan péré lẹ́yìn tí lẹ́tà Fadoyebo dé ibẹ̀, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ẹkùn náà, wọ́n sì sun ọ̀pọ̀ abúlé níná. Ní 2017, ó lé ní 700,000 èèyàn tó sá kúrò níbẹ̀ lọ sí Bangladesh. Àwa tí a ń gbé létí ààlà mọ ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n máa béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni láti lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹni. A kò tíì mọ ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n sọ pé kò sí ìwé tí ẹ lè mú wá tí yóò tó. Ìran tó gba ọmọ Yorùbá kan sílé nígbà tí kò ní ibi tí yóò forí pamọ́ sí, àwọn ni wọ́n wà nínú àgọ́ báyìí.

Isaac Fadoyebo kú ní oṣù Bélú 2012, ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, láàrin àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo ṣèlérí láti sọ̀rọ̀ nípa ti agboolé wa. Àbúrò bàbá bàbá mi ni. Bàbá Sójà ni a ń pè é. Àwa ọmọdé kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Àlùjíríà ni Fàráńsé kó o lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò wọ kóòtù rẹ̀, yóò fi àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ méjì sí àyà, yóò sì wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ láti gba owó àwọn jagunjagun àtijọ́. Yóò ra búrẹ́dì bọ̀ fún wa. Owó náà kéré. Nígbà tó yá ni mo kà á nínú ìwé pé òfin kan tí Fàráńsé ṣe ní ìparí 1959 ti dá owó àwọn ọmọ ilẹ̀ tó gba òmìnira dúró sí iye tó wà nígbà náà, nígbà tí ti àwọn Fàráńsé tí wọ́n jọ jagun ń lọ sókè. Ilé ẹjọ́ àgbà wọn, Conseil d'État, dá a lẹ́bi ní 2001, láti 2007 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san iye kan náà fún gbogbo wọn ní apá kan owó náà. Bàbá Sójà ti kú ní 2003.

Bí a bá bi í nípa ogun, èsì kan náà ni: «A lọ, a dé.» Mo ti wà ní yunifásítì ìlú Àbọ̀mẹ̀-Kàláfí, mo ti ń kọ́ nípa bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n ti jókòó tì í, kí n má béèrè nípa ogun rárá, kí n béèrè nípa oúnjẹ, nípa òtútù, nípa ẹni tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní àpótí irin kan lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí a ṣí i lẹ́yìn ìsìnkú, ìkán ti wọlé láti ìsàlẹ̀ níbi tí irin ti dógùn-ún. Ìwé ológun rẹ̀ ti di erùpẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ méjèèjì nìkan ló kù, a kò sì mọ ohun tí wọ́n fún un nítorí rẹ̀.

Mo sọ èyí fún kíláàsì náà, lẹ́yìn tí mo ti sọ ti Fadoyebo tán. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin ẹ̀yìn kíláàsì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú fọ́tò kan dání tó fi aṣọ wé. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ológun ni, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó gbé ọwọ́ lé e. Bàbá ìyá ìyá rẹ̀ ni, ó ní. Mo yí fọ́tò náà padà. Nọ́ńbà kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi yíǹkì aláwọ̀ aró kọ, kò sí orúkọ.

Mo bi í pé ta ló kù nílé tó mọ orúkọ bàbá yìí. Ó ní ìyá àgbà òun mọ̀ ọ́n, ó mọ oríkì rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti ń di. A fi ọjọ́ Sátidé sí i. Mo mú pẹ́ńsùlù méjì lọ.